Ìgbà Tí A Fa Ilé Wa Sójú Omi

Mọ́ńdè, 7 Oṣù Kẹjọ, 1967

Kùrukùru láti àárọ̀. Ọkọ̀ lẹ́tà pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, ọ̀rọ̀ tó gbé wá burú ju kùrukùru lọ. Kápútẹ́nì ò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀, orí ọkọ̀ ló ti ń pariwo sí wa: "Kò sí tíṣà fún Pinnock lọ́dún yìí o! Wọ́n ní ẹ ti kéré jù!" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ju àpò fùláwà sí wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

A ti kéré jù. Ilé mẹ́sàn-án la kù ní erékùṣù yìí lóòótọ́, àmọ́ ta ló sọ wá di kékeré? Àwọn tó kó lọ náà ni. Vida ọmọ mi ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì lè ka odindi ìlà kan láì fi ìka tọ̀ ọ́. Bí ọdún yìí bá tún lọ lófo, ó parí nìyẹn, ẹja ni yóò máa là títí ayé bíi tèmi.

Mo sọ fún Garland ọkọ mi. Ó ní, "Màmá Vida, fara balẹ̀ ná, ìpàdé ń bọ̀ ní Fráídè." Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá Azariah ń fi iyọ̀ sí ẹja lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Iyọ̀ ọdún yìí ò dára." Ṣé èsì nìyẹn?

Fùláwà ti gbówó lórí. Kẹrosíìnì náà.

Fráídè, 11

Ìpàdé ní ilé ìwé. Ìjọba rán ọ̀gbẹ́ni kan wá, bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin, ó sì ti tẹ ìfun ẹja kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní àwọn yóò ràn wá lọ́wọ́ láti kó lọ, tòun ti ilé pákó wa tí a ó fà lójú omi, sí Kelder, lódìkejì, níbi tí ilé ìwé wà, tí nọ́ọ̀sì wà, tí iná mànàmáná wà. Àmọ́ gbogbo ilé gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Bí ilé kan bá kọ̀, kò sí ìrànlọ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan nawọ́ sókè. Ọwọ́ mẹ́jọ lọ sókè. Olórí ilé tiwa ni Bàbá Azariah, òun ló kọ́ ọ, abẹ́ òrùlé rẹ̀ lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Gbogbo ojú wá sára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ dúró ná."

Ó tán. Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Lọ́nà ilé, kálukú ló ń túmọ̀ rẹ̀. Obadiah ní ó fẹ́ ká fún òun láyè kó wu pòtétò rẹ̀ tán ni. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Dorcas, tí ilé wọn wà nísàlẹ̀ tiwa, bú sẹ́rìn-ín: "Pòtétò kẹ̀? Bàbá yìí ò lọ síbì kankan! Ohun tó ń sọ ni pé ká jókòó síbí títí ikú á fi dé." Garland ní bàbá òun kàn ń ro ọ̀rọ̀ náà ni. Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò mọ èyí tó jẹ́. Kò sọ ẹja, kò sọ àkàn.

Mi ò lè fi Bàbá sílẹ̀ lórí àpáta yìí lóun nìkan. Mi ò sì lè jẹ́ kí ọmọ mi dàgbà láì mọ̀wé. Ẹ gbà mí, kí ni kí n ti ṣe é?

Sọ́ńdè, 13

Kò sí àlùfáà, Obadiah ló wàásù. Ó ní ká di ohun rere mú ṣinṣin. Ì bá fi mọ síbẹ̀. Bí a ṣe jáde ni Àǹtí Dorcas gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́: "Ohun rere náà lọ́jọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa, àmọ́ àwọn kan rò pé àpáta ni."

Mo ní, "Àǹtí Dorcas, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ìkòkò mi mú láti ọjọ́ Àjíǹde, ẹ kọ́kọ́ dá a padà ná."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni inú mi wá bàjẹ́. Mo gbèjà Bàbá ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ohun tí Àǹtí Dorcas ń fẹ́ gan-an lèmi náà ń fẹ́. Ìhà ta ni mo tiẹ̀ wà?

Tọ́sìdeè, 17

Òjò. Ẹja tó wà lórí pákó ò lè gbẹ.

Mo jókòó ti fèrèsé, mo ń ronú sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wa yìí, "hold". Garland di okùn mú, òun ni. Nọ́ọ̀sì tó wá wo àyà Bàbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní kó sé èémí, òun ni. Ikùn ọkọ̀ tí à ń kó ẹja sí, òun ni. Ìpàdé tí a ṣe, òun ni. Ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́, òun ni. Ẹnu tí mi ò lè pa mọ́ ní Sọ́ńdè, òun náà ni. Àwọn apẹja wa a tún máa sọ pé ilẹ̀ kan lábẹ́ omi dára fún ìdákọ̀ró, pé ilẹ̀ ọ̀hún ń di ọkọ̀ mú, òun kan náà ni. Ṣé ilẹ̀ ló wá di Bàbá mú ni, àbí Bàbá ló di ilẹ̀ mú? Bí ọ̀rọ̀ kan bá lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó ń ṣe rere àti ìgbà tó ń ṣe ibi?

Mo bi Garland. Ó ní, "Màmá Vida, òjò yìí ti wọ̀ ẹ́ lórí."

Sátidé, 19

Mo ká èso inú àbàtà, mo fi ṣe jáàmù. Ìgò méje. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 23

Mo tọ Bàbá lọ níbi tó ti ń yí ẹja padà lóòrùn. Mo ní lónìí, mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dúró.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ṣé ẹ ó lọ àbí ẹ ò ní lọ?"

Ó ní, "Bí ilé bá lọ, màá tẹ̀lé e."

Mo fẹ́ fò sókè. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá! Ó yá ká sọ fún wọn—"

"Mi ò sọ pé ilé máa lọ."

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé, Bàbá! Bí ẹ bá ní kó lọ, á lọ."

"Ìyá Garland wà lókè níbẹ̀," ó ní, ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe itẹ́ òkú. "Mo ti sọ fún un pé mi ò jìnnà."

Mo bá a yí ẹja tó kù. Nígbà tí mo ń lọ, ó ní, "Tryphena, mi ò bá ẹ jà o." Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ nǹkan kan.

Sátidé, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ó gbà! Bàbá gbà! Ẹ jẹ́ kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

A ń mu tíì àárọ̀. Vida gbé agolo mílíìkì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára sókè. Ó kà á kà á, ó dé ibi kan, ó há. Ó yí i sí bàbá àgbà rẹ̀: "Bàbá àgbà, kí nìyí?" Bàbá gba agolo náà. Ó wò ó. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Bàbá ò mọ̀wé, Vida nìkan ni kò mọ̀. Ó ní, "Màlúù ni." Vida ní, "Ọ̀rọ̀ yìí mà gùn ju màlúù lọ, Bàbá àgbà." Bàbá gbé agolo sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jáde lọ sétí omi, kò jẹun.

Ní ọ̀sán ó wọlé, ó ní kí Garland lọ sọ fún Obadiah pé ilé Azariah nawọ́.

Mo sunkún débi pé búrẹ́dì mi jóná. Mi ò lè sọ pé ayọ̀ ni, mi ò lè sọ pé ìbànújẹ́ ni.

Sátidé, 9

Ilé Àǹtí Dorcas ló kọ́kọ́ wọ omi. Wọ́n so àgbá epo òfìfo yí i ká, ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì mẹ́ta fà á, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìyàwó. Àǹtí Dorcas gbé kéèkì sórí tábìlì kó tó lọ, ó sì ranṣẹ́ padà láti Kelder pé kéèkì ò sún kúrò lójú kan. Obìnrin yìí ò ní jẹ́ ká gbádùn mọ́.

Ó dá ìkòkò mi padà kó tó lọ. Ó ti fọ́ létí.

Mọ́ńdè, 18

Lónìí a fa ilé wa dé etí omi. Wọ́n ti wó ihò èéfín. Wọ́n ti fi igi tẹ́ ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé bèbè. Gbogbo Pinnock tó kù ló wá, àwọn tó ti kó lọ sí Kelder náà padà wá, tọkùnrin tobìnrin, a tò sí okùn.

Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa dá orin fífà. Bí ó bá dá a, a ó gbè é, ibi ègbè la ti ń fà. Ta ló mọ orin náà dáadáa tó fi lè gbé ilé? Bàbá nìkan. Gbogbo wa dúró, kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́. Obadiah ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìgbà tó yá ni Bàbá kúrò lẹ́yìn ilé, ó dúró níwájú wa, ó bọ́ fìlà, ó dá orin.

Ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orin mú ilé rẹ̀ dé etí omi. Ilé ń han, igi ń ké, a ń fà. Èmi náà ń kọrin.

Ojú omi pa rọ́rọ́. Bí afẹ́fẹ́ ò bá dìde, ọ̀túnla la ó lọ.

Wẹ́sìdeè, 20

Mo ní láti kọ èyí kó tó di ọ̀la.

Omi kún ní kùtùkùtù. Àgbá ti wà yí ilé ká. Obadiah wà nínú ọkọ̀ iwájú, èmi àti Vida wà nínú ọkọ̀ Garland, a fa ọkọ̀ kékeré kan sẹ́yìn wa. Bàbá ní òun á máa ti ilé láti ẹ̀yìn, òun á wọ ọkọ̀ kékeré náà lẹ́yìn náà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú, okùn nà, ilé gbéra. Ó léfòó! Kọ́tìnnì mi wà lójú fèrèsé, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òkun. Vida ń pàtẹ́wọ́, èmi náà ń pariwo bí ọmọdé.

Lójijì ilé dúró. Ẹ́ńjìnnì ń bú, ilé ò lọ. Obadiah kígbe, "Àpáta! A ti gun àpáta!" Garland ní kò sí àpáta níbẹ̀, òun mọ ìsàlẹ̀ omi yẹn bí òun ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ òun. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀gbẹ́. Igun ẹ̀yìn rẹ̀ ń rì, omi ń wọ ilé ìdáná mi. Mo rí àga mi kan tó léfòó jáde gba ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni mo rí okùn. Okùn tuntun, ó nà tantan láti ìsàlẹ̀ ilé títí dé òrùka irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta etíkun, níbi tí à ń so ọkọ̀ mọ́. Bàbá dúró tì í.

Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn ní Pinnock. Kò sóhun tí à ń jẹ́ kó wọ omi láì so ó. Ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe àgbá lásán, so ó mọ́lẹ̀ ná kó o tó tì í. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fi ṣẹ̀sín títí yóò fi kú. Àmọ́ ta ló ń so ilé tí wọ́n fẹ́ gbé lọ?

Mo bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, mo wà á padà. "Bàbá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo so ó."

"Mo rí i pé ẹ so ó! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi so ó?"

"Ó fẹ́ léfòó, Tryphena."

Mo wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́, Bàbá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Ó ronú sí i. Ilé ń rì, àwọn èèyàn ń kígbe, bàbá yìí ń ronú. Ó ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Bí mo bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀, irọ́ ni. Bí mo bá ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀, irọ́ náà ni. Mo kàn rí i pé mo ti so ó."

Garland ń pariwo láti ojú omi, "Ẹ gé e! Ẹ tètè gé e!" Okùn ti le jù, kò ṣeé tú. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó ń gbọ̀n bí ìgbà tí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀ mì. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ níhìn-ín, níbi tí kò sẹ́ni tó máa kà á: mo di okùn náà mú, mi ò sì fẹ́ kó já. Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ láti oṣù tó kọjá! Gbogbo ohun tí mo ní wà ní ìpẹ̀kun kejì okùn yẹn, ó sì dà bíi pé bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan mú mọ́ láyé.

Bàbá yọ ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja, ó fi èèkù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Bá mi gé e. Ọwọ́ tèmi, síso nìkan ló mọ̀."

Mo gé e. Okùn já, ó fò kọjá etí mi. Ilé ṣe bákan, ó bá dọ́gba, omi ń ṣàn jáde lójú ilẹ̀kùn, ó ń lọ. Wọ́n hó yè lójú omi.

Mo ní, "Ẹ wọlé sọ́kọ̀, Bàbá, ká lọ."

"Ẹ máa lọ."

"Ẹ ní bí ilé bá lọ, ẹ ó tẹ̀lé e!"

"Màá tẹ̀lé e. Mi ò sọ pé òní."

Garland wá, ó bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á gbé e, àmọ́ ta ló ń gbé bàbá ẹni sápò? Omi ti fẹ́ máa fà, ilé ò sì lè dúró. A kó oúnjẹ tó wà nínú ọkọ̀ fún un, a fi ọkọ̀ kékeré náà sílẹ̀ fún un, a lọ. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Vida ló ń juwọ́ sí i.

Sọ́ńdè, 1 Oṣù Kẹwàá, ní Kelder

Ilé ti dúró lórí ilẹ̀. Ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́ dáadáa, iyọ̀ ti wọ pákó ilé ìdáná. Iná mànàmáná wà. Mo tan án, mo pa á, mo tún tan án.

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí léèrè bóyá èmi ni mo gé okùn kúrò lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà. Mo ní èmi ni.

Mọ́ńdè, 2

Vida wọ ilé ìwé. Wọ́n fi í sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, ó ga jù wọ́n lọ. Ó sunkún wálé. Mo ní kó má dá wọn lóhùn.

Sátidé, 14

Garland lọ wo Bàbá. Òun nìkan ló padà dé. Ó ní inú ilé tí à ń kó ẹja sí ni Bàbá ń sùn, ó gbé sítóòfù ilé ìwé síbẹ̀. Ó ní ara rẹ̀ le, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Àwọ̀n kí ni? Ta ló fẹ́ pẹja níbẹ̀?"

"Ohun tí mo bi í nìyẹn. Ó ní àwọ̀n tó ya gbọ́dọ̀ rí àtúnṣe."

Àǹtí Dorcas gbé búrẹ́dì méjì wá. Ó ní, "Nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ gbé e fún olóríkunkun yẹn." Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fún un ní ìgò jáàmù kan.

Òun rò pé mo bínú sí Bàbá. Mo bínú lóòótọ́. Mo tún ń bẹ̀rù. Mo tún ń jowú rẹ̀ díẹ̀. Kí Ọlọ́run bá mi tú u.

Tọ́sìdeè, 26

Vida ka odindi ojú ìwé kan sí mi létí, láì fi ìka tọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó wà nílé tí mo lè sọ fún, mo bá sọ fún ológbò.

Ìjì láti àríwá. Omi inú garawa ti dì. Garland ní bí yìnyín bá bo ojú omi, kò sí ọkọ̀ tó lè dé Pinnock títí di ẹ̀ẹ̀rùn.

Mọ́ńdè, 30

Ìjì ṣì ń jà. Garland ò lè jáde. Ó ń rìn káàkiri ilé.

Sátidé, 4 Oṣù Kọkànlá

Afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ lánàá. Garland ti gbé epo sínú ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀ yìí, ó fẹ́ lọ gbé bàbá rẹ̀, ìbáà fẹ́ ìbáà kọ̀. Kó tó tú ọkọ̀, Àǹtí Dorcas ti ń sáré bọ̀, ó ń fi ìborí juwọ́: "Tryphena! Ẹ wá wo bàbá yín! Bàbá yín ti dé o!"

Ó ti fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ wá. Àjẹ̀ ló fi wà á, láti Pinnock, lọ́jọ́ orí rẹ̀! Aṣọ rẹ̀ wà nínú àpò kan, àwọ̀n rẹ̀ wà nínú èkejì. A sáré lọ sétíkun, a ò bá a níbẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan la bá.

Mo ní, "Ibo ló wá gbà?"

Àǹtí Dorcas ní, "Mo kí i káàbọ̀, kò tiẹ̀ dáhùn. Ó bi mí níbi tí wọ́n ń sin òkú sí níbí. Mo fi hàn án. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, mo kàn fi hàn án ni."

Garland ní ká jẹ́ kó wà, á wálé. A padà sílé, a jókòó. Vida ń yọjú lójú fèrèsé.

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ó kanlẹ̀kùn bí àlejò. Mo ṣí i. Bàtà rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹrẹ̀ dúdú. Ní itẹ́ òkú Pinnock kò sí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, àpáta ni gbogbo rẹ̀, agbọ̀n la fi ń ru yẹ̀pẹ̀ láti etí odò gòkè lọ bo òkú wa. Bí a ṣe bo Ìyá Garland nìyẹn.

Ó ní, "Mo ti wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, Tryphena. Ẹ ò ní í fi agbọ̀n ru yẹ̀pẹ̀ nítorí mi."

Mo gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Bàbá yé mi tán, mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni tàbí kí n wó lulẹ̀. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ni.